Kì í ṣe gbogbo gígé ni ìbàjẹ́

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ wá kí mi nílé ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 14, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó gbọ́ lórí rédíò pé ìwòsàn ti dé, ṣùgbọ́n wọ́n á gé DNA. Ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Prof, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé tí DNA bá já, jẹjẹrẹ ló ń dé?"

Òótọ́ ni, mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Àbùkù ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. "Ìbàjẹ́" la máa ń pè é nígbàkígbà tí okùn DNA bá já, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì tó. Eku ń gé aṣọ, télọ̀ náà ń gé aṣọ. Ta ló ń pe iṣẹ́ télọ̀ ní ìbàjẹ́?

Èéfín sìgá àti ìtànṣán tó pọ̀ jù, iṣẹ́ eku ni wọ́n ń ṣe. Bí sẹ́ẹ̀lì ò bá rí ojú gígé náà tún ṣe dáadáa, jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ yọ. Àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀ wa ń gé DNA ara wọn, wọ́n á tún un tò, kí wọ́n lè rọ oríṣiríṣi ohun ìjà fún kòkòrò àrùn. Susumu Tonegawa gba ẹ̀bùn Nobel ní 1987 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò lè ṣe gígé yẹn, àìsàn kékeré lè pa á.

Ìwòsàn tí rédíò ń wí, Casgevy, iṣẹ́ télọ̀ ni. Ìjọba Britain fọwọ́ sí i ní November 2023, Amẹ́ríkà ní December, fún ẹni ọdún 12 sókè. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á gé ojú ibì kan nínú jíìnì BCL11A, kí ara lè padà máa ṣe irú èròjà pupa tí ọmọ inú oyún ń lò.

Ṣùgbọ́n rédíò ò sọ ọ́ tán. Kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà, wọ́n á fi oògùn busulfan pa ti àtijọ́ inú mùdùnmúdùn eegun. DNA ni òun náà ń bá jà, ó sì lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ èèyàn. Iye ìwòsàn náà ní Amẹ́ríkà? 2.2 mílíọ̀nù dọ́là.

Mo ní, "Ọmọ mi, má bẹ̀rù gígé. Ibi tí wọ́n fẹ́ gé, bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, ohun tí oògùn yòókù máa gbà, ìyẹn ni kó o béèrè." Títí owó á fi wálẹ̀, kó béèrè hydroxyurea lọ́wọ́ dókítà ọmọ náà. Òun náà ń jí èròjà pupa inú oyún yẹn dìde, ó sì wà ní Nàìjíríà.