Ọ̀rọ̀ Johnson ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà, 1965

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn ènìyàn dúdú. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọni lára jù lọ ni ìrántí Cotulla ní Texas, níbi tí ó ti ṣe olùkọ́ ní 1928. Àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá ni ó ń kọ́; ebi a máa pa wọ́n wá sí kíláàsì, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kan kórìíra wọn, wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Kò sí ọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀ṣọ́ dé nígbà tí ó fẹ́ júwe ìṣọ̀kan. Ó ní ọmọ Gúúsù àti ọmọ Àríwá ń jà pọ̀ ní Vietnam láìka àwọ̀ sí. Ọjọ́ méje péré ṣáájú ni ọmọ-ogun Amẹ́ríkà bí 3,500 bẹ̀rẹ̀ sí gúnlẹ̀ sí Da Nang! Òfin ìdìbò jáde ní oṣù kẹjọ. Ogun náà kò sì dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, 1967, ní New York, Martin Luther King lo àwòrán kan náà, ó sì yí i po: dúdú àti funfun ń kú pọ̀ fún ìlú tí kò tí ì lè mú wọn jókòó pọ̀ ní ilé-ìwé kan náà.