Ta ni Ṣẹ̀gilọlá láìsí ẹgbẹ̀rún ọkọ?

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní agbègbè Igbóṣeré pé irú ẹ̀dá ìtàn wo ni Ṣẹ̀gilọlá, ìdáhùn tí ó máa ń yára wá ni pé alágbèrè ni. Àwa olùkọ́ a sì fún wọn ní máàkì kíkún. Èrò wa nínú àyẹ̀wò yìí ni pé ìdáhùn náà kò tíì kún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìtàn náà ṣe jáde. Láti oṣù Keje 1929 títí di oṣù Kẹta 1930 ni àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó; ní 1930 kan náà ni wọ́n di ìwé, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn Ṣẹ̀gilọlá ni ó fi kọ wọ́n, débi pé àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin kan ń kú lọ lóòótọ́ ní Èkó.

Oríkì tí ó wà lára àkọlé ìwé náà ni ọ̀rọ̀ wà: Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ẹyinjú ẹgẹ́ jẹ́ ẹwà tí ẹlòmíràn ń rí. Ẹni tí ó ni ín kò lè rí i àfi nínú dígí. Ẹgbẹ̀rún ọkọ, ẹgbẹ̀rún ẹlòmíràn ni. A kò rí ohun kan nínú oríkì náà tí ó jẹ́ ti Ṣẹ̀gilọlá nìkan.

Èyí nìkan kì í ṣe àbùkù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá ṣe ń dá ènìyàn mọ̀: Ìyá Rísí, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń so ẹni méjì pọ̀: bí Rísí ti sọ ìyá rẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ti Ṣẹ̀gilọlá yàtọ̀. Mọ́fíìmù 'oní-', tí ó di 'ẹlẹ́-' níhìn-ín, sọ ọ́ di ẹni tí ó ni àwọn ọkùnrin náà, bí ẹni pé òun nìkan ni ó lọ kó wọn jọ. Àwọn náà wá di òǹkà lásán. Oríkì yìí kò sọ ẹnì kankan nínú wọn di 'ọkọ Ṣẹ̀gilọlá'. Olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ kò sì lábàwọ́n.

A kò sọ pé obìnrin náà kò jẹ̀bi. Ó jẹ́wọ́, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe àríkọ́gbọ́n fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin ni ó kọ 'èmi' tí ó ń jẹ́wọ́ yìí. (Nígbà mìíràn a máa ń rò pé ó yẹ kí a ka Thomas fúnra rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún náà.) Ní kóòtù Igbóṣeré, kí wọ́n tó dáná sun ún ní oṣù Kẹwàá 2020, tọ̀tún-tòsì ni adájọ́ ń gbọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 'alágbèrè' yẹ kí ó gba máàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè àwọn tí wọ́n jọ fún obìnrin náà ní orúkọ yẹn ni èyí tí ó kù tọ́ sí. Ìlànà máàkì kan tí a rí ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí ìyapa kúrò lórí ìbéèrè. Kí àwa olùyẹ̀wò tún un ṣe kí ìdánwò tí ń bọ̀ tó dé.