Ìmìtìtì Ilẹ̀: Àríwísí lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a fi ń Ṣàlàyé Rẹ̀

Mímì ilẹ̀ kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ẹkùn tiwa. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Accra, ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 6.5, ó pa ènìyàn 17 ó kéré tán, a sì gbúròó rẹ̀ dé Èkó. Ní oṣù keje ọdún 1984, ó mì ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde àti Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ó mì ní ìhà Abomey-Calavi, ìwọ̀n rẹ̀ sì kọjá 4 díẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ àgbà kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni èdè tí a fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Nínú àwọn ìwé pélébé àti àwọn ìròyìn orí rédíò tí a ń túmọ̀ láti inú èdè Faransé, ìtumọ̀ tí ń ṣi òye lọ́nà kò ṣòro láti bọ́ sí. Àwọn wọ̀nyí ni àríwísí wa dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. "Ìsẹ̀lẹ̀" tí àwọn òǹkàwé Bíbélì mọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ "ìṣẹ̀lẹ̀" tí a fi ń pe ohunkóhun tí ó bá ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà kò fi ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ìwárìrì", ti ara ènìyàn ni, ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà tàbí tí ibà dá dúbúlẹ̀. "Ìmìtìtì ilẹ̀" ni ó gbilẹ̀ jù, a kò sì ní í bá a jà. Síbẹ̀, kí a kíyè sí i pé "tìtì" tí ó wà nínú rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ bí mímì náà ti le tó. Ẹ̀rọ tí ń ṣàkọsílẹ̀ mímì ilẹ̀ a máa rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè mọ̀ lára. Báwo ni a ó ṣe pe mímì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lára ní ìmìtìtì? A dábàá pé kí "mímì ilẹ̀" jẹ́ orúkọ gbogbo rẹ̀, kí "ìmìtìtì" sì wà fún èyí tí ó le. Ẹnìkan lè ní kí a gé e kúrú sí "ìmì ilẹ̀". Kí onítọ̀hún rántí pé ọ̀pọ̀ ìwé wa ni a ń tẹ̀ láìsí àmì ohùn; bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni kíláàsì yóò fi parí.

Èyí tí èdè Faransé ń pè ní "faille" ni ó nira jù lọ. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ibi tí ilẹ̀ ti là", a kò tíì sọ ohun tí ó jẹ́. Ẹni tí ó gbà á láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ lè sọ ọ́ di "àṣìṣe ilẹ̀", nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹ̀bi àti àléébù. Ògiri a máa sán láìjẹ́ pé apá rẹ̀ kan kúrò ní ipò. Ohun tí ó sọ sísán ilẹ̀ di "faille" ni pé apá kìíní ti yẹ̀ lára apá kejì. Ní San Francisco ní ọdún 1906, àwọn ọgbà oko tí ó dábùú ojú ibẹ̀ já sí méjì, ìdajì wọn sì ṣípò. Ibi kan wà tí ilẹ̀ fi nǹkan bí mítà 6 yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni H. F. Reid ṣàlàyé ní ọdún 1910 pé àpáta ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ọrun tí a fà, títí tí kò fi lè fara dà á mọ́, tí ó sì ta padà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún irú èyí: eegun a máa yẹ̀ ní oríkèé. "Ìyẹ̀ ilẹ̀" ni a fi lélẹ̀, nítorí pé ó sọ ìṣípò, kò sì dúró lórí sísán nìkan. A mọ̀ pé ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, àti pé kí a kọ́kọ́ gbé e dé Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Lórí "foyer", ọ̀rọ̀ wa kò ní gùn. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ààrò" ti dáná sí abẹ́ ilẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé òkè tí ń yọ iná ni à ń wí. Ibi tí yíyẹ̀ náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni. "Orísun" tó o.

"Ìgbì" kò burú, bí olùkọ́ bá ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ìgbì ni ó rí bíi ti òkun. Ìgbì kìíní inú ilẹ̀ a máa fún àpáta pọ̀, a sì tún tú u sílẹ̀, ní ojú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ̀. Èkejì a máa mi àpáta sí ẹ̀gbẹ́, kò sì lè la inú ohun olómi kọjá. Àṣìṣe tí ó wà níbí ti inú "primaire" àti "secondaire" wá. Etí wa ti mọ́ "primaire" ti ilé-ẹ̀kọ́, ọkàn ẹlòmíràn sì lè lọ sí "pàtàkì". Èyí tí ó kọ́kọ́ dé ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì gan-an ni ó sábà máa ń mi ilé jù. "Ìgbì aṣaájú" àti "ìgbì atẹ̀lé" ni kí a pè wọ́n. Nínú àpáta òkè ayé, aṣaájú ń sáré nǹkan bí kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, atẹ̀lé nǹkan bí 3.5. Láti Accra dé Àjàṣẹ́, tí ó ju 300 kìlómítà lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 ni yóò wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún fi "atẹ̀lé" pe àwọn mímì kéékèèké tí ń wá lẹ́yìn ìmìtìtì ńlá. "Mímì ẹ̀yìn" ni tiwọn. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Mímì ẹ̀yìn lè pẹ́ ní ọjọ́ púpọ̀ tàbí oṣù, ẹni tí a bá sì sọ fún pé "atẹ̀lé ti kọjá" lè padà wọ inú ilé tí ògiri rẹ̀ ti sán.

Níkẹyìn, "agbára". Ọ̀rọ̀ kan yìí ni a fi ń túmọ̀ "magnitude" àti "intensité", èyí ni a sì kà sí àbùkù tí ó wúwo jù lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ mì ní Agadir ní Mòrókò, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5.8 lọ, àwọn tí ó kú sì tó 12,000 ó kéré tán. Accra ti ọdún 1939 jù ú lọ ní ìwọ̀n. Bí ìwọ̀n bá fi ẹyọ kan pọ̀, mímì tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ a di ìlọ́po 10, agbára tí ó tú jáde a sì di nǹkan bí ìlọ́po 32. Nípa ìṣirò yìí, agbára ti Accra fi nǹkan bí ìlọ́po 10 ju ti Agadir. Kí ni ó wá fa ikú tó bẹ́ẹ̀? Orísun ti Agadir kò jìn, abẹ́ ìlú gan-an ni ó wà, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kò sì lè fara da irú mímì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ "agbára 5.8" yóò fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ. A fẹ́ kí "ìwọ̀n" jẹ́ ti mímì fúnra rẹ̀, ẹyọ nọ́ńbà kan fún ẹyọ mímì kan. Kí "ipá" sì jẹ́ ti ibi tí ó dé, èyí tí ń yí padà láti ìlú dé ìlú, tí a ń fi ohun tí ènìyàn mọ̀ lára àti ohun tí ó wó mọ̀, tí a sì ń kọ láti I dé XII. A ti ronú "ọṣẹ́" dípò "ipá", ṣùgbọ́n ní ìpele kẹta, kò sí ọṣẹ́ kankan.

Ipá ní òpin. Ìwọ̀n kò ní òpin tí a fi lélẹ̀ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa tí a ti fi máàkì orí 20 tọ́ dàgbà yóò bèèrè pé 6.5 nínú mélòó? Kò sí "nínú" níbẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù tí a tíì wọ̀n ni ti Chile ní oṣù karùn-ún ọdún 1960, 9.5 ni. Ní ti gbólóhùn "lórí òṣùwọ̀n Richter" tí àwọn akéde kò lè ṣe kí wọ́n má sọ, gúúsù California ni Richter ṣe é fún ní ọdún 1935. Ọ̀nà tí Hanks àti Kanamori gbé jáde ní ọdún 1979 ni a fi ń wọn àwọn ńlá lónìí. Akéde lè fi orúkọ náà sílẹ̀, kí ó sọ pé "ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.5", kí ó sì fi àyè tí ó kù sọ orúkọ àwọn ìlú tí ó mì.