Ta Ni Ó Ń Sọ̀rọ̀ Lórúkọ Dàhọ̀mì? Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Dahomey ti Mati Diop

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a wo fíìmù Dahomey tán, èyí tí Mati Diop, ọmọ Faransé tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Sẹ̀nẹ̀gà, gbé jáde ní ọdún 2024. Ní oṣù Kejì ọdún náà ni ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin ní Jámánì. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni fíìmù náà tọ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, bàálù gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 láti Paris wá sí Kútọnu. Ìtẹ́ ọba wà nínú wọn, ilẹ̀kùn ààfin tí a gbẹ́ ọnà sí lára wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ère àwọn ọba mẹ́ta tí wọ́n jẹ tẹ̀ lé ara wọn: Ghezo, Glele àti Behanzin. Àwọn ọmọ ogun Faransé tí Alfred Dodds ṣe olórí wọn ni wọ́n kó irú ẹrù báyìí ní Àgbómè lẹ́yìn tí wọ́n wọ ìlú náà ní ọdún 1892.

Ó yẹ kí a tètè mú ìdàrúdàpọ̀ kan kúrò, nítorí pé a máa ń bá a pàdé nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ilẹ̀ Bìní ti Nàìjíríà. Dàhọ̀mì ni ó ń jẹ́ nígbà tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọdún 1960. Ọdún 1975 ni ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ náà padà, tí ó sì mú tuntun láti ara orúkọ apá òkun tí ó wà létí ilẹ̀ wọn. Àwọn iṣẹ́ ọnà idẹ tí Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba Bìní ní ọdún 1897 ní ìtàn tiwọn lọ́tọ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé fíìmù Dahomey wúlò fún olùkọ́ Yorùbá púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọba ni ó fi sọ ìtàn, ó sì jẹ́ kí ohùn náà bo ti àwọn tí ọba kó lẹ́rú mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí jẹ́ Yorùbá.

Ohùn láti inú àpótí

Ọgbọ́n tí Diop dá ni pé ó jẹ́ kí ẹrù náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 26, èyí tí í ṣe ère Ghezo, ni ó ń fi èdè Fọ̀n sọ ìrìn-àjò rẹ̀ fún wa, ní ohùn tí ó wúwo tí ó sì ń dún bí ẹni pé láti inú kànga ni ó ti ń wá. Inú òkùnkùn ni ó wà. Wọ́n ti gba orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ilé tí òun ń padà sí ṣì jẹ́ ilé òun. Makenzy Orcel, òǹkọ̀wé ọmọ Haiti, ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí ère yìí ń sọ. A gbóríyìn fún wọn pé èdè Fọ̀n ni wọ́n lò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní èdè àjèjì láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì yóò mọ iyì ohun tí wọ́n ṣe yìí.

Apá tí ó dùn mọ́ wa jù lọ ni àríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Abomey-Calavi. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Àwọn kan yọ̀, àwọn mìíràn sì rí ọgbọ́n òṣèlú láàrin Paris àti Kútọnu nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnìkan sọ ọ́ gbangba pé àbùkù ni kí a dá 26 padà nínú nǹkan bí 7,000. Wọ́n tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ èdè, àmọ́ èdè Faransé náà ni wọ́n fi ń jà fún èdè abínibí wọn. Bí a bá ní kí àwọn olùkọ́-ń-kọ́ṣẹ́ tiwa jíròrò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn, èdè wo ni wọn yóò lò?

Síbẹ̀, ibi tí ohùn Nọ́ńbà 26 ti dùn jù náà ni ó ti kọ wá lóminú. Òkùnkùn, àpótí, òkun, orúkọ tí a gbà tí a fi nọ́ńbà dípò: ìtàn ẹrú tí wọ́n dè mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi ni àwọn àwòrán wọ̀nyí ń rán wa létí, a sì gbà pé Diop mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni. Ghezo wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹrú. Ta ni Ghezo? Ọdún 1818 ni ó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Adandozan, Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú tí wọ́n bí ní Brazil, sì wà lára àwọn tí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ó gorí oyè tán, ó fi de Souza jẹ Chacha ní Ouidah. Láti etíkun yẹn ni wọ́n ti ko ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wọ ọkọ̀ lọ sí Brazil àti Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ènìyàn wa ní Nàgó àti Lukumí. Ọba tí ó ran ẹlòmíràn lọ sínú òkùnkùn ni fíìmù fi sínú òkùnkùn, ó sì ní kí á bá a sunkún. Ó lè tọ́ kí á bá a sunkún, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá sunkún.

Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ Yorùbá di aláìṣẹ̀. Ọ̀yọ́ ni ó kọ́kọ́ ni Dàhọ̀mì lára. Láti ọdún 1726 ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ń ṣígun lọ síbẹ̀, wọ́n sì sọ ọba ibẹ̀ di ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún títí di nǹkan bí ọdún 1823 tí Ghezo kọ̀ ọ́. Ọ̀yọ́ pàápàá ta ẹrú, Àjàṣẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan lára ojú ọ̀nà òwò rẹ̀ sí òkun. Àṣìṣe tí fíìmù The Woman King ti ọdún 2022 ṣe ni pé ó di púpọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ òwò ẹrú ru Ọ̀yọ́, ó sì sọ Ghezo di ẹni tí ó fi tinútinú pa òwò náà tì. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dí etíkun rẹ̀ pa ni ó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù Kìíní ọdún 1852, bẹ́ẹ̀, ní ọdún tí ó ṣáájú, ogun rẹ̀ ti kọlu Abẹ́òkúta. Ti Diop sàn ju èyí lọ fíìfíì; kò parọ́ mọ́ ìtàn. Ohun tí a rí bí àléébù rẹ̀ ni ibi tí ó ti dákẹ́.

Ohun tí ó wà lára ìtẹ́

Bí fíìmù bá dákẹ́, igi gbígbẹ́ náà kò dákẹ́. Ọ̀kan wà lára àwọn ìtẹ́ tí wọ́n dá padà tí ọnà ara rẹ̀ pín sí òkè àti ìsàlẹ̀. Ọba ni ó wà lókè, lábẹ́ agboòrùn, pẹ̀lú àwọn aya rẹ̀. Àwọn ẹrú tí wọ́n so pọ̀ ni ó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Agbẹ́gilére náà ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún wa: orí àwọn wọ̀nyí ni ìjókòó ọba wà. Kámẹ́rà Diop bojú wo àwọn ẹrù náà pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọba ni ó fún láyè, kò fún ìsàlẹ̀ ìtẹ́ ní ohùn kankan.

Olùkọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá yóò tún rí ohun mìíràn. Ère Ghezo jẹ́ ènìyàn tí ó ní ìyẹ́ ẹyẹ, ti Glele ní orí kìnnìún, ti Behanzin sì jẹ́ àkùrákùdà. Odù tí ó jáde fún ọba nígbà tí ó fẹ́ gorí oyè ni irú àmì bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Fá ni Fọ̀n ń pe Ifá yìí, ọ̀dọ̀ Yorùbá ni ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Gu ni wọ́n ń pe Ògún. Ère Gu tí wọ́n fi irin rọ, tí Faransé kó ní Ouidah, kò sí lára 26 náà. Akati Ekplekendo ni alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́. Ará Doumè ni, ìtàn sì sọ pé ẹrú ogun ni wọ́n mú un wá sí Àgbómè. Nítorí náà, ẹrù ọba tí à ń sọ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Fọ̀n nìkan. Ìmọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun àti àwọn tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wọn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá ń béèrè pé ta ni ó ni ohun tí wọ́n dá padà, ó yẹ kí ìdáhùn wa gbòòrò ju ààfin kan lọ.

Ọdún 1892 láti ojú Kétu

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ọdún 1892 fúnra rẹ̀. Fíìmù fi hàn wá bí ọdún àdánù, òótọ́ sì ni. Wọ́n jí ẹrù kó, ìjọba kan wó. Ọdún 1894 ni Behanzin bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tí wọ́n gbé e lọ sí Martinique. Ilẹ̀ Algeria ni ó sì kú sí ní ọdún 1906. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà péré ṣáájú 1892 ni ogun Glele pa Kétu run, tí wọ́n sì kó àwọn ará ìlú náà ní ìgbèkùn lọ sí ilẹ̀ Àgbómè. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú wọn rí ààyè padà sílé láti tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ogun kan náà tí ó kó ìtẹ́ lọ ni ó tú wọn sílẹ̀.

Èyí kò sọ Faransé di olùgbàlà. Wọ́n ti bá Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà ní ọdún 1889, ààlà náà sì pín ilẹ̀ Alákétu sí méjì, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní, ọmọ ìyá kan náà ń fi Faransé kàwé ní ìhà kan, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ní ìhà kejì. Ẹni tí ó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé: òwe yìí bá Paris wí, ó sì bá Àgbómè wí. A kò rí ìdí tí fíìmù tí ó ní ìgboyà láti bá ti àkọ́kọ́ wí kò fi ní bá ti èkejì wí.

A kò sọ pé kí olùkọ́ má ṣe lo fíìmù yìí. Kí ó lò ó. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó bọ́ sí àkókò iṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n kí ó dá a dúró níbi tí Nọ́ńbà 26 ti ń ráhùn pé wọ́n gba orúkọ òun, kí ó gbé àwòrán ìtẹ́ tí a sọ lókè yẹn síwájú kíláàsì, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n so pọ̀ nísàlẹ̀, kí ó fún un ní orúkọ àti ìlú, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà yóò fi dá ọba lóhùn ní èdè Yorùbá.