Ta Ló Ni Ojú Náà? Àríyànjiyàn Lórí Ẹgbẹ́ Olórin KISS

Ọ̀sẹ̀ tí Ace Frehley kú, ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá tí a ti ń sinmi níbi iṣẹ́ mi. Ẹnu lásán ni wọ́n fi jà á o. Ẹnìkan ni bàbá tó máa ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan dé òmíràn, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹnìkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì ọkùnrin, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Bàbá ní láti ìgbà tí Frehley ti kọ́kọ́ fi KISS sílẹ̀ lọ́dún 1982 ni KISS ti kú, pé ṣọ́ọ̀bù ló kù. Nọ́ọ̀sì ní irọ́ ni, pé òun wo wọn nígbà ìrìn àjò ìdágbére wọn, gìtá dún, iná ń jó, omi sì bọ́ lójú òun. Bàbá bi í pé, "Ta lo rí nídìí gìtá?" Ó ní, "Spaceman ni." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó kun ojú Spaceman lo rí."

Aago mẹ́ta òru ni. Èmi tí mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì mi jẹ́ẹ́, wọ́n fà mí wọ̀ ọ́. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?" Mi ò dá wọn lóhùn lóru ọjọ́ yẹn. Ìdáhùn mi nìyí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wọ́n: New York ni wọ́n ti dá KISS sílẹ̀ lọ́dún 1973. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n á fi àtíkè funfun kun ojú, wọ́n á wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga bí àpótí, wọ́n á wá máa ta iná lórí ìtàgé. Gene Simmons ni Demon, tó ń yọ ahọ́n gígùn, tó ń tu ẹ̀jẹ̀ ayédèrú, tó sì ń fẹ́ iná lẹ́nu. Paul Stanley ni Starchild, ìràwọ̀ dúdú kan wà lójú ọ̀tún rẹ̀. Ace Frehley ni Spaceman, ará òfurufú, fàdákà ló fi yí ojú ká. Peter Criss, onílù wọn, ni Catman, ológbò. Olúkúlùkù ló mú ojú tirẹ̀ wá láti ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ wo Simmons: Haifa ni wọ́n bí i sí, Chaim Witz lorúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó yè bọ́ nínú àgọ́ ikú àwọn Nazi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ dé New York. Àwa tí a ti gé orúkọ wa kúrú kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ lè rí i pè, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá ojú mìíràn tí kò sẹ́ni tó lè fi ṣe ẹ̀sín.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orin bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn tí kò fẹ́ràn wọn ti máa ń kọ́kọ́ lù wọ́n. Wọ́n ní bí a bá yọ iná àti àtíkè kúrò, kò sóhun tó kù. Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn, tó jáde láàárín 1974 sí 1975, dún bí ìgbà tí wọ́n lu ìlù nínú páálí, wọn ò sì tà púpọ̀ nígbà náà. Alive! ti oṣù kẹsàn-án ọdún 1975 ló yọ wọ́n. "Rock and Roll All Nite" ti jáde ṣáájú, kò lọ jìnnà. Ìgbà tí wọ́n tún un gbé jáde láti inú Alive!, pẹ̀lú ariwo èrò lábẹ́ rẹ̀, ló wá gun òkè dé ipò kejìlá ní Amẹ́ríkà.

Àwọn olólùfẹ́ wọn ń jà lórí àwo yìí títí dòní, nítorí pé ohun tí wọ́n ní àwọn gbà sílẹ̀ lójú agbo, sítúdíò ni wọ́n ti tún púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Àwọn kan ní ẹ̀tàn gbáà ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n mọ bí ọwọ́ Frehley ṣe yá tó lálẹ́ ọjọ́ kan ní Detroit, ẹ̀tàn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwo yẹn ń sọ ni bó ṣe rí lára ẹni tó dúró láàárín èrò, tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ò sì ṣeé fi sítúdíò dá. Èrò yẹn ni olórin karùn-ún nínú ẹgbẹ́ náà, òun ló sì gbé orin náà ró. Tí mo bá máa fún ẹnikẹ́ni ní àwo KISS kan ṣoṣo, Alive! ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Destroyer, 1976, tí Bob Ezrin bá wọn ṣe. Ibẹ̀ ni "Beth" wà. Ẹ̀yìn àwo kékeré ni wọ́n fi í sí, àwọn oníréédíò ló yí àwo náà dà tí wọ́n sì ń lù ú, ó sì dé ipò keje. Ẹ tiẹ̀ wò ó: ẹgbẹ́ tó ń fi gìtá àti iná pariwo, orin tó gòkè jù fún wọn ní Amẹ́ríkà ni èyí tí Criss nìkan kọ lórí dùùrù àti gòjé, tí àwọn mẹ́ta yòókù ò lu ohunkóhun nínú rẹ̀. Ohùn Criss há, kò dán. Ọkùnrin kan ló ń pe ilé pé òun ò tíì ń bọ̀, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ òru rí mọ ìpè yẹn. Ohùn tó dán jù bẹ́ẹ̀ lọ ìbá ba orin náà jẹ́.

Ti Frehley náà ńkọ́? Ọjọ́ kan náà, 18 oṣù kẹsàn-án 1978, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé àwo àdáṣe jáde, ẹnìkan kan. Ti Frehley nìkan ni mo lè gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì fo orin kan. "New York Groove" inú rẹ̀ wọ ipò kẹtàlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Bó ṣe ń ta gìtá ni: kì í sáré. Ó máa ń dá ohùn kan tí ènìyàn lè fi ẹnu kọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń dánu dúró kí ẹ lè gbọ́ ọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọjà wá kàn. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sóhun tí KISS ò tà? Àpótí oúnjẹ ọmọ ilé ìwé, bèbí, pínbọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1977, nígbà tí Marvel ṣe ìwé alápèjúwe nípa wọn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì dà á mọ́ yíǹkì pupa tí wọ́n fi tẹ ìwé náà. Èmi tí mo ń fa ẹ̀jẹ̀ jẹun, mo ka ìyẹn, mo ní, háà! Lọ́dún 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta pósí. Bẹ́ẹ̀ ni, pósí tí wọ́n fi ń sin òkú, àwòrán KISS lára rẹ̀.

Ibí yìí ni bàbá ibi iṣẹ́ mi ti máa ń sọ pé owó ti pa orin. Èmi náà ti fi pósí yẹn rẹ́rìn-ín rí. Ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí mo kà nípa Dimebag Darrell. Onígìtá Pantera ni, láti kékeré ló ti fẹ́ràn KISS dé góńgó. Wọ́n yìnbọn pa á lórí ìtàgé ní oṣù kejìlá ọdún 2004. Inú pósí KISS ni wọ́n sin ín sí. Mo ti bá òkú ṣe púpọ̀ níbi iṣẹ́, mo ti rí ohun tí ẹbí máa ń kó wá pé ká fi sí i lọ́wọ́: ìlẹ̀kẹ̀, Bíbélì, fìlà bọ́ọ̀lù. Kò sí èyí tí mo lè pè ní ohun yẹpẹrẹ. Ẹni tó tà á lè máa ro owó, kí ẹni tó rà á máa ro ẹ̀mí ara rẹ̀. Torí náà, mi ò bá ẹni tó ń bú olólùfẹ́ nítorí ọjà pé. Ìbéèrè tèmi ni ohun tí kò yẹ kí wọ́n tà.

A ti dé ibi tí ìjà wà gan-an. Nígbà tí Criss lọ, Eric Carr ló rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1980. Wọn ò kun ológbò sí i lójú, wọ́n fún un ní ojú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, Fox. Nígbà tí Frehley lọ lọ́dún 1982, Vinnie Vincent wọlé, òun náà gba ojú tirẹ̀, àmì ankh àwọn ará Íjíbítì. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tuntun dé, wọ́n fún un lórúkọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún kóra jọ lọ́dún 1996, tí ọwọ́ wọn sì tún tú ká, nǹkan yí padà. Eric Singer wọ ojú ológbò Criss. Tommy Thayer wọ ojú Spaceman Frehley, ó sì wà nínú rẹ̀ títí di alẹ́ ìkẹyìn ní Madison Square Garden, 2 oṣù kejìlá 2023. Frehley àti Criss sì wà láyé, wọ́n ń mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ọ̀yọ́, ní kí ló wá bà jẹ́ níbẹ̀, ṣé eégún ilé wa kì í pààrọ̀ ẹni tó wà nínú ẹ̀kú ni? Ó dùn gbọ́, mo sì rò ó dáadáa. Àmọ́ eégún kì í sọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ará ọ̀run ni a ń kí, a ò kí Àkàndé. KISS kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sára ẹ̀yìn àwo, wọ́n jẹ́ kí ọmọdé mọ̀ pé Ace ni Spaceman, wọ́n fi ìyẹn pa owó. Ẹ ò lè fi orúkọ ta ojú fún mi lónìí kí ẹ wá sọ fún mi lọ́la pé ojú ò ní orúkọ.

Àpẹẹrẹ iṣẹ́ mi ló ṣe kedere sí mi jù. Ní aago méje àárọ̀, ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Aṣọ kan náà la wọ̀. Àwọn aláìsàn kan náà ni, ìwé kan náà ni. Aláìsàn ò gbọ́dọ̀ pàdánù oògùn rẹ̀ torí pé èmi lọ sílé. Títí débẹ̀, mo wà lẹ́yìn Stanley tó ní ẹgbẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Thayer náà ò sì ṣẹ̀ mí: ó mọṣẹ́, ó máa ń dé lásìkò, èyí tí Frehley fúnra rẹ̀ ò lè fi gbogbo ẹnu sọ, torí ó jẹ́wọ́ pé ọtí àti oògùn olóró gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n báàjì tó wà láyà ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bó bá fi báàjì mi kọ́ ọrùn, tó fi orúkọ mi fún aláìsàn lóògùn, a ò ní pe ìyẹn ní gbígba iṣẹ́ mọ́. Aṣọ ni KISS, ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́. Ojú yẹn, báàjì ni. Ìgbà tí Thayer bá sì ń ta àwọn ìdáwọ́ Frehley bí Frehley ṣe ta wọ́n, tó tún ń ta iná láti inú gìtá bíi tirẹ̀, ta ni Thayer gan-an? A ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ojú Frehley jí ti Frehley, wọ́n sì fi í jí ti Thayer náà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Stanley ni. Wọ́n bí i pẹ̀lú etí ọ̀tún tí kò pé, kò sì fi etí náà gbọ́ràn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Face the Music, lọ́dún 2014: bí àwọn ọmọdé ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe fi irun bò ó. Mo ti tọ́jú àwọn ọmọ tó ní irú àléébù yẹn, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń yí ẹ̀gbẹ́ kejì síni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló kun ìràwọ̀ sójú, tí ayé wá ń wò ó láì sá. Nínú gbogbo wọn, òun ló yẹ kó mọ̀ jù pé ojú tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kùn lè jẹ́ ojú rẹ̀ tòótọ́. Ó mọ̀ ọ́n fún ara rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n fún Frehley.

Lálẹ́ ìkẹyìn yẹn, wọ́n ṣí i payá pé àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni yóò máa ṣeré lọ ní orúkọ KISS. Ilé-iṣẹ́ kan láti Sweden, Pophouse, ra ẹ̀tọ́ wọn lọ́dún 2024. Nísinsìnyí, kò tiẹ̀ sí ẹni kankan lẹ́yìn ojú mọ́, kò sẹ́ni tó máa mutí, kò sẹ́ni tó máa pẹ́ dé.

Mo padà lọ bá àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé omijé rẹ̀ kì í ṣe irọ́, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún bàbá pé ó jàre, àmọ́ kó yéé bú Thayer. Bàbá ní, "Ìwọ ò wá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nìyẹn." Mo ní ẹ̀yin Frehley ni mo gbè sí. Mo fi fóònù lu àwo 1978 yẹn fún wọn, ibi tí gìtá ti dánu dúró. Nọ́ọ̀sì dákẹ́, ó tẹ́tí. Ó ní, "Ó yàtọ̀ o." Aago aláìsàn dún ní wọ́ọ̀dù kẹta, tèmi ni, mo sì lọ.