Ìpilẹ̀ Ìkà: Àwọn Dalek nínú Ìtàn Aláwòrán

Ìtàn tí kò bá sọ bí ọ̀tá ṣe di ọ̀tá, ìdajì ìtàn ni. Àléébù yìí hàn nínú Doctor Who, eré onísáyẹ́ǹsì tí ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lórí amóhùnmáwòrán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn Dalek kọ́kọ́ yọjú níbẹ̀: ẹ̀dá abàmì inú ìkarahun irin, tí kò mọ̀ ju àṣẹ àti ìpànìyàn lọ. Eré náà mẹ́nu ba ogun tó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú iṣu rẹ̀ désàlẹ̀ ìkòkò.

Ìwé ọmọdé kan, TV Century 21, ló tú u. Láti oṣù Kìíní 1965 sí oṣù Kìíní 1967, ojú ewé kan lọ́sẹ̀, ìtàn náà pé ìpín 104. Orúkọ Terry Nation, ẹni tó dá Dalek sílẹ̀, ló wà lórí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n David Whitaker ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Richard Jennings, Eric Eden àti Ron Turner ló yàwòrán rẹ̀.

Nínú ayé tí ń jẹ́ Skaro, ènìyàn kúkurú aláwọ̀ búlúù ni àwọn Dalek níbẹ̀rẹ̀. Zolfian ń gbèrò láti fi bọ́ǹbù pa àwọn Thal run. Yarvelling, ọ̀mọ̀ràn, rọ ẹ̀rọ ogun. Kí bọ́ǹbù náà tó dé ọ̀dọ̀ Thal, òkúta já láti ojú ọ̀run, bọ́ǹbù bú gbàmù, ìlú àwọn tó ṣe é ló sì run. Nígbà tí àwọn méjèèjì jáde níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí, wọ́n bá ẹ̀dá kan tí oró bọ́ǹbù ti yí padà nínú ẹ̀rọ Yarvelling. Ó ní kí wọ́n rọ òmíràn sí i. Wọ́n rọ ọ́, wọ́n sì kú. Ẹ̀dá náà jọba.

Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n eérú yìí kò tọ Zolfian nìkan. Ó bo tilé-toko. Ibi tí ìfìwàwẹ̀dá inú ìtàn yìí ti jinlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí eré náà padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní 1975, orí Davros ló di ẹ̀bi rù jù, òǹwòran sì lè fọkàn balẹ̀ pé ìkà ẹnì kan ló fà á. Yarvelling kò fún òǹkàwé ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló di ọ̀gá rẹ̀.

Dókítà, akọni eré náà, kò sí nínú ìtàn yìí rárá. Àwọn Dalek ni òǹkàwé ń tẹ̀ lé, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbàdúrà fún wọn. Ewu ibẹ̀ nìyí, nítorí ọmọdé lè gbàgbé àwọn tí wọ́n ń pa. Lóòótọ́, ìtàn ìṣẹ́gun pọ̀ lápọ̀jù láàárín. Síbẹ̀, lápá ìparí, Dalek kan rí òdòdó, ẹwà rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò jẹ́ kí wọ́n pa á run. Lójú ọba wọn, ewu gbáà ni èyí.

Mímọ gbòǹgbò ìkà kò dá a láre. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìtàn yìí kò ní lè wo ìkarahun irin náà mọ́ kí ó gbàgbé pé ọwọ́ ènìyàn ló rọ ọ́.