Ògiri Abomey àti Ẹkún Ẹni tí A Ṣẹ́gun

Àwòrán ogun kì í dá ìtàn sọ. Ohùn ènìyàn ni ó ń bá a sọ ọ́. Ẹni tí ó bá dúró níwájú àwọn ère amọ̀ tí ó yọ lára ògiri ààfin Abomey, ààfin tí UNESCO kà mọ́ ohun-ìní gbogbo ayé ní 1985, yóò rí i bẹ́ẹ̀. Kìnnìún ibẹ̀ kì í ṣe ẹranko lásán: àmì agbára ọba Glèlè ni. Ìkòkò onihò tí a mọ̀ mọ́ Guézo ní gbólóhùn tirẹ̀: bí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka dí ihò ìkòkò náà, ìlú kò ní bàjẹ́. Lójú ẹni tí kò gbọ́ gbólóhùn yìí rí, ìkòkò fífọ́ lásán ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Bantè àti Savalou gidigidi. Nínú 50 ère ilé Glèlè tí a tún ṣe láàrin 1993 sí 1997, àwọn jagunjagun Dàhómì wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń ṣẹ́gun Nàgó. Àwa ni Nàgó náà. Ogun Glèlè yìí kan náà ni ó fọ́ Kétu ní 1886. A kò ní sọ pé iṣẹ́ náà kò dára. Ìlà rẹ̀ kò pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ hàn kedere, ìdúró ara nìkan sì ti tó láti sọ bí ìjà ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣubú níbẹ̀ kò ní orúkọ, kò sì ní ẹni tí ń sunkún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé iṣẹ́ mìíràn tí a ṣe fún aṣẹ́gun. Ní nǹkan bí 1010 ni Ferdowsi parí Shahnameh, Ìwé Àwọn Ọba, ewì ńlá ilẹ̀ Páṣíà. Ní nǹkan bí 1330, lábẹ́ ìjọba àwọn Mongol, àjèjì tí ó ti fi ogun gba ilẹ̀ náà, a da ewì yìí kọ sínú ìwé ńlá kan, a sì ya àwòrán sí i. Ewé rẹ̀ kan wà ní Metropolitan Museum ní New York: ìsìnkú Isfandiyar, ọmọ ọba tí Rustam pa. Rustam ni akọni tí ewì náà gbé ga jù, síbẹ̀ ẹkún ni ayàwòrán fi kún àwòrán yìí. Àwọn aṣọ̀fọ̀ ṣí orí sílẹ̀, wọ́n ń fa irun tu. Ẹṣin olóògbé ń lọ pẹ̀lú gàárì tí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn.

A lè rí ẹni tí yóò sọ pé ògiri ọba kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀tá. Òótọ́ ni. Ògiri náà ń ki ọba tirẹ̀. A kò lè bá a jà pé kò ki wá. Ẹkún wa kò sí lọ́wọ́ ayàwòrán Abomey. Ọwọ́ wa ni ó wà, nínú oríkì orílẹ̀ àti nínú ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ. Nínú ìwé Páṣíà, ewì àti àwòrán jọ wà pọ̀ ni. Tiwa pín sí méjì: àwòrán wà ní Abomey, ohùn wà nílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Demotte, oníṣòwò iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, tú ìwé Mongol náà ká, ó sì ta ewé rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀ a ṣì lè mọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan bọ́ sí nínú ìtàn, nítorí ewì Ferdowsi wà lódindi. Oríkì tí a kò kọ sílẹ̀ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ, ère Abomey nìkan ni yóò kù láti sọ ẹni tí a jẹ́.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lọ wo ògiri náà, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti àgbà kan nílé, kí ó kọ oríkì ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Nígbà náà ni yóò mú ìdajì ìtàn tí kò sí lára ògiri lọ síbẹ̀.